Òwú Tí Mo Fi Wọn Orí Màríà

Bákàrè kìlọ̀ fún mi. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù. Ó já òwú dúdú kan, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, orí gan-an ni kí ẹ wọ̀n o. Ẹ má wọn aṣọ mọ́ ọn. Góòlù kì í ṣe rọ́bà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fi ọdún mẹ́jọ ju Bákàrè lọ, èmi ni mo ń nu ikun imú rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò sì sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí ọmọ tí mo pọ̀n máa kọ́ mi ní nǹkan.

Àdúgbò Alabar ni wọ́n bí wa sí, ní Kumasi, ilẹ̀ Ghana níbí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, aṣọ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn ní 1969, ọlọ́pàá méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá wa sì tẹ̀ lé wọn lọ pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. A kò fojú kàn wọ́n mọ́. Ìyá wa kó wa sá sí ẹ̀yìnkùlé obìnrin Hausa kan títí ọ̀rọ̀ náà fi rọlẹ̀. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í rí ọlọ́pàá kí n má yà sí ọ̀nà mìíràn. Bákàrè wá kọ́ṣẹ́ góòlù lọ́dọ̀ ọ̀gá Asante kan, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Alabar. Èmi fẹ́ Kwaku, mo kó lọ sí àdúgbò Krofrom, mo gba ìrìbọmi, mo di Georgina ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àríkẹ́ ni mò ń jẹ́ nílé. Bákàrè dúró sínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí tí ìyá wa ṣe dójú ikú, a kò sì jà sí i rí.

Ère Màríà ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n tó bí mi. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò ga ju ọmọ ọdún méje lọ, ó gbé Ọmọ rẹ̀ sí apá òsì. Lọ́dún 1983, nígbà tí iná jó oko tí ebi sì fẹ́ pa wá tán, iwájú rẹ̀ ni àwa ìyá ń kó àwọn ọmọ wa lọ. A jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá yè, a ó dé Màríà ládé. Wọ́n yè. Kwasi ọmọ mi yè, ó ti ga jù mí lọ báyìí.

Ṣùgbọ́n adé kì í ṣe fìlà tí ènìyàn kàn ń rà dé. Fada Isaac, àlùfáà wa, tí wọ́n kàwé ní Róòmù, sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ní ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, oníwàásù kan máa ń rìn láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Ítálì, yóò ní kí àwọn obìnrin bọ́ góòlù ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi rọ adé fún ère Ìyá Olúwa. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́lá kan fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ṣe adé fún àwọn ère tí ènìyàn ti ń gbàdúrà níwájú wọn tipẹ́. Lóde òní, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń dé e, ìwé ètò rẹ̀ sì jáde láti Róòmù ní 1981. Fada ka ibì kan nínú ìwé náà: bí Ìyá bá gbé Ọmọ dání, Ọmọ ni a ó kọ́kọ́ dé ládé.

"Fada, góòlù wa kò tó orí méjì," ni Maame Yaa wí.

Maame Yaa ni alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, nítorí náà n kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Òótọ́ ló sọ. Òrùka, yẹtí, ẹ̀wọ̀n ọrùn tó ti já, gbogbo ohun tí a kó jọ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Òrùka ìgbéyàwó Maame Yaa wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Yẹtí ìyá mi wà níbẹ̀. A fẹnu kò pé adé Ìyá ni kí a fi góòlù ṣe, kí a gé bébà dídán fún Ọmọ. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ó wá kan ẹni tí yóò rọ ọ́. Mo dìde, mo ní Bákàrè ló mọ iṣẹ́ yìí jù ní Kumasi, kò sì ní gba owó iṣẹ́. Maame Yaa wò mí. "Alatani ni," ó wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Nàìjíríà ní Twi, "Mùsùlùmí sì ni. Tí góòlù wa bá dín ńkọ́?"

Mo ní tí ó bá dín, kí wọ́n wá mú èmi. Ẹnu mi yìí náà ni.

Ní Alabar, Àáfà kan ti kọ́kọ́ ní kí Bákàrè má dá sí ọ̀rọ̀ ère. Bákàrè ní ère kọ́ ni òun fẹ́ rọ, adé ni, ṣùgbọ́n òun kò ní lọ dúró níwájú ère láti wọn orí rẹ̀, pàápàá nínú oṣù Ramadan. Ìdí nìyẹn tí òwú fi dọ́wọ́ mi.

Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èmi nìkan. Màríà wé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí àwọn ìyá àgbà máa ń wé fún un, ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n so kókó rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gun àga, mo na ọwọ́ sí kókó náà láti tú u. Ọwọ́ mi kò lọ.

Ìyá wa kì í ṣí orí sílẹ̀. Ní yàrá, nídìí iná, lórí àìsàn, orí wọn wà nínú aṣọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí irun wọn ni ọjọ́ tí a wẹ òkú wọn. Àgbàlagbà tó ń darí wa ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ tú gèlè náà. Mo tú u. Láti ọjọ́ náà, lójú mi, ẹni tó bá ṣí orí ìyá, òkú ìyá ló ń wẹ̀. Mo dúró lórí àga yẹn, mo sì mọ̀ pé n kò lè ṣe é. Mo yí òwú náà ká orí aṣọ, mo ta á ní kókó, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé orí aṣọ náà ṣáà ni wọn yóò gbé adé lé, kò sí ẹni tó tíì rí Màríà láìwé nǹkan rí.

"Ṣé orí gan-an ni?" ni Bákàrè bi mí nígbà tí mo gbé òwú dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti parọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, ọdún 1988, ni ọjọ́ ìdéládé. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó parí. Aago mẹ́wàá ni Bíṣọ́ọ̀bù yóò dé. Ní aago méje ààbọ̀, Bákàrè gbé adé dé ẹnu géètì nínú aṣọ funfun, ó gbé e fún mi, kò wọlé. Mo ṣí i wò. Etí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka kan, ṣóńṣó méjìlá dúró lórí rẹ̀, ó sì fín ewé kòkó kéékèèké yípo ìdí wọn. Orí mi wú. Mo gbé e wọ yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra, níbi tí Fada, Maame Yaa àti àwọn ìyá bíi mẹ́fà ti dúró yí ère tí wọ́n ti gbé wá síbẹ̀ ká. Àní Maame Yaa fi ìka tọ àwọn ewé náà yípo.

Ìgbà náà ni mo rí i pé orí Màríà ṣófo. Aṣọ rẹ̀ wà lórí àga, wọ́n ti ká a.

"Mo tú u," ni Fada wí. "Aṣọ á máa yọ̀. Orí gan-an ni kí adé jókòó lé."

Wọ́n gbé adé náà sókè, wọ́n gbé e lé e. Ó kọjá iwájú orí, ó kọjá ojú, ó lọ fìdí lé imú. Màríà dà bí ọmọ tó dé fìlà bàbá rẹ̀. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi ọwọ́ bo ẹnu. Fada yọ ọ́, wọ́n yí i, wọ́n tún gbé e lé e. Imú náà ni.

Maame Yaa gba adé náà, ó fi àtàńpàkò tẹ etí rẹ̀. "Bákàrè ti lù ú fẹ́lẹ́ kó lè fẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ó fẹ̀, kí a má baà mọ ohun tó yọ níbẹ̀. Mo sọ ọ́. Georgina, ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Òrùka Yaw ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀."

Wọ́n lọ pe Bákàrè ní géètì. Ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó wo adé, ó wo orí ère, ó wo aṣọ tí wọ́n ká sórí àga. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti mọ̀.

"Mepa mo kyɛw," ó tọrọ gáfárà ní Twi, "ọwọ́ mi ló ṣì. Ẹ jẹ́ kí n gé e, kí n jó o pọ̀. Kò ní pẹ́."

Àbúrò kì í na ìka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níta. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, èmi ni mo sì tọ́ ọ.

"Gé e?" ni Maame Yaa wí. "Kí o tún gé nínú ẹ̀? O kò ní fọwọ́ kan góòlù wa mọ́. Ẹ rán ẹnì kan sí àgọ́ ọlọ́pàá kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé."

Fada ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó gbọ́. Obìnrin kan ti ń wá bàtà rẹ̀ láti lọ. Ojú Bákàrè wà nílẹ̀, ó dúró bí bàbá wa ṣe dúró lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá ní kí wọ́n gbé àpótí wọn, èmi tí mo sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mò ń ro ohun tí wọn yóò máa pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ara mi tì mí. Ó ṣì ń tì mí di òní.

"Ẹ má lọ pe ọlọ́pàá," mo wí. "Èmi ni. Bákàrè ní kí n wọn orí, orí aṣọ ni mo wọ̀n. Mo parọ́ fún un."

Maame Yaa kò tilẹ̀ yí ojú padà. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ọ́. Kí ni ìwọ ì bá tún sọ?"

"Bákàrè, yọ òwú náà."

"Òwú wo, Àǹtí?"

"Bákàrè."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́. Láti ìgbà tó ti dúró níbẹ̀ ló ti wà lára rẹ̀, ì bá sì ti fi yọ ara rẹ̀. Mo gba òwú náà, mo tẹ́ ẹ sínú adé, ó yípo, kókó kan kókó. Maame Yaa ní òwú kì í ṣe ẹlẹ́rìí, pé ẹnikẹ́ni lè já òwú lọ́jọ́kọ́jọ́.

Ni mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn orí mi, mo tú gèlè.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ mi nìkan ló ń rí orí mi. Bákàrè yí ojú sẹ́yìn. Mo fún Maame Yaa ní òwú mìíràn tí mo fà já létí aṣọ mi, mo tún gèlè náà wé ní ìlọ́po mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń wé ti Màríà, mo ní kí ó wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n. Mo tú gèlè náà, mo ní kí ó fi òwú kan náà tún orí lásán wọ̀n. Èyí tó ṣẹ́kù nínú òwú náà jẹ́ ìka mẹ́ta. Ó mú òwú Bákàrè, ó gun àga, ó yí i ká orí Màríà. Ìka mẹ́ta náà ló ṣẹ́kù.

"Kí ló dé tí o kò tú aṣọ náà?" ó bi mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"N kò lè ṣí orí ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì," mo wí.

Maame Yaa sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé adé fún Bákàrè, ó ní, "Gé e."

Aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa. Ẹnì kan sáré lọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní Alabar, Fada sì fún un ní èédú tí wọ́n fẹ́ fi jó tùràrí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi dóńgóyárò, ló jókòó sí. Ó gé ìka mẹ́ta kúrò lára adé náà. Maame Yaa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, Bákàrè gbé èyí tó gé lé e. Ó pa ẹnu méjèèjì pọ̀, ó fi ìyẹ́ adìyẹ bu bọ́rásì, ìyẹ̀fun tí ń jẹ́ kí góòlù lẹ̀, àti omi sí i, ó to èérún góòlù sí ojú àpá náà. Ohun tó kù ni iná, ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Bí iná bá kéré, kò ní lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn ṣóńṣó tó ti jó mọ́ ọn yóò yọ́ dànù lójú wa.

"Mo fẹ́ aṣọ tútù," ó wí. "Kí n fi bo àwọn ṣóńṣó."

Gèlè mi wà lọ́wọ́ mi. Mo rì í bọ omi, mo fún un.

Ó ki ọ̀pá oníhò sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná. Láti Àsùbáà ni omi kò ti kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta tó fẹ́ ẹ, èémí rẹ̀ já, iná náà fà sẹ́yìn, góòlù sì tún dúdú. Ó wú ikọ́ gbígbẹ. Fada gbé ife omi dé. Ó mi orí.

"Bákàrè, Ọlọ́run á dárí jì ọ́," mo wí. "Mu díẹ̀."

"Àǹtí, ẹ dákẹ́ fún mi, mo bẹ̀ yín."

Ó tún fẹ́ ẹ. Ojú àpá náà pọ́n, ó pọ́n sí i. Ooru omi ń rú lára gèlè mi, etí rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo rí ṣóńṣó kan tó ń tẹ̀ lórí, díẹ̀díẹ̀, mo sì di ọwọ́ Maame Yaa mú láìmọ̀. Èérún góòlù náà tàn lójijì, ó sá wọ inú àpá náà. Bákàrè yọ ọ̀pá lẹ́nu. Ó na ṣóńṣó náà tọ́ pẹ̀lú ẹ̀mú kí ó tó tutù, ó gbé adé náà bọ omi.

Fada gbé e wọlé, àwa náà sì rọ́ tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó sórí Màríà, kò mì.

Maame Yaa ṣì di ìka mẹ́ta góòlù náà mú. Mo rí i tó ń wo adé bébà tí a gé fún Ọmọ, lórí tábìlì. Ó jáde padà lọ sábẹ́ igi, ó na góòlù náà sí Bákàrè. "Ṣé ó lè tó ọmọ náà?"

"Bí a bá lù ú, yóò gùn," Bákàrè wí. "Ẹ wọn orí rẹ̀ fún mi." Ó wò mí, ó wo Maame Yaa. "Ìyá yìí ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin."

Maame Yaa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ nígbà tí òrùka tínínrín tó lù fún Ọmọ parí. Bíṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n jó tùràrí, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n dé Ọmọ ládé, lẹ́yìn náà wọ́n dé Ìyá. Àwọn ènìyàn kọrin débi pé n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo ń wá yẹtí ìyá mi nínú adé náà pẹ̀lú ojú mi, bí ẹni pé mo lè mọ ibi tó wà.

Nígbà tí mo jáde, Bákàrè ṣì jókòó sábẹ́ igi, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti sá gèlè mi sórí ẹ̀ka, ó ti gbẹ, iná ti lu ihò sí i létí.

"Ó bá wọn mu?" ó bi mí.

"Ó bá wọn mu. Àwọn méjèèjì."

Ó gbé ojú sókè, ìgbà náà ni èmi fúnra mi rántí pé mo ti gba gbogbo Máàsì já láìbo orí. Àwọn obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin. Bákàrè kò rí irun ìyá wa rí, kò sì lè rí i mọ́. Ó ń wo irun mi.

"Àǹtí," ó wí, "ṣé báyìí ni ti Ìyá wa ṣe rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iwájú ló kọ́kọ́ funfun, bí tèmi yìí."

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ mú gèlè náà lórí ẹ̀ka, ó fún mi, ó ní kí n bo orí mi, oòrùn ti ń mú.